Bí Agbábọ́ọ̀lù Ṣe Dolójú Nílé Wa

Agbábọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó wọ ilé wa kò lọ́rùn. Kò lójú, kò nímú, kò sì níka ọwọ́. Igun mẹ́rin kékeré kan ni orí rẹ̀, igun mẹ́rin ńlá kan ni ara rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dà bí igi ìṣáná méjì tí ń bára wọn jà. Mọ́kànlá irú rẹ̀ wọ pupa, mọ́kànlá wọ funfun, gbogbo wọn ń sá kiri nínú tẹlifíṣàn wa bí èèrà tí wọ́n da omi gbígbóná lé lórí. Ìyàwó mi wò wọ́n títí, ó ní, "Àwọn wọ̀nyí ò lè béèrè oúnjẹ lọ́wọ́ èèyàn. Mo fẹ́ràn wọn."

Ó ti ṣaláìsí báyìí. Àwọn tó wá kí mi kú àráfẹ́rakù sọ pé ó ní sùúrù, pé ó mọ àlejò ṣe, pé kò gbé ohùn sókè rí. Mo ń mi orí. Ohùn tí wọ́n ní kò gbé sókè yẹn, láti ẹ̀yìnkùlé ni mo ti máa ń gbọ́ ọ nígbà tó bá ń bú réfírì tí kò sí níbì kankan láyé. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó sọ pé ó lè gba bọ́ọ̀lù láti kọ́nà kó sì gbá a wọlé láìjẹ́ kó kanlẹ̀. Mo rò pé ó yẹ kí ẹnì kan sọ ọ́.

Ilé bàbá mi la ń gbé nígbà náà, nínú Ìlọrin àtijọ́, níbi tí èèyàn ti lè fẹsẹ̀ rìn dé Ìpàtá kí oòrùn tó mú. Alfa ni bàbá mi. Ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé wa ni ilé kéú rẹ̀, bí wọ́n bá sì ti kírun àsùbáà tán ni àwọn ọmọ á ti gbé wàláà sí orí itan, tí wọn á máa ké bí ẹyẹ ẹ̀gà. Òfin kan ló le jù lọ́wọ́ Bàbá: àwòrán ohun ẹlẹ́mìí tó bá ti lójú kò gbọdọ̀ wọ ilé náà. Bí ẹnikẹ́ni bá fún un ní kàlẹ́ńdà, á gé apá òkè tí àwòrán olówó ìlú wà dànù, á gbé àwọn ọjọ́ kọ́ sára ògiri. Ìwé tí mo fi kọ́ bí a ṣe ń kàwé ní kékeré, Bàbá ti fi tàdáà kun ojú gbogbo ọmọ inú rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ mi. Títí dòní, bí mo bá rántí àwọn ọmọ náà, orí dúdú roboto ni wọ́n ní, wọ́n sì ń fi í rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe pé Bàbá kórìíra yíyà. Ní ọ́fíìsì ìwọnlẹ̀ ìjọba ni mo ti ń ṣiṣẹ́, máàpù ni mò ń yà. Ó ní ọ̀kan nínú èyí tí mo yà, á máa nà án sí àlejò lójú, á ní, "Ọmọ mi ló yà á. Ẹ wò ó dáadáa. Kò sí ẹyọ ewúrẹ́ kan nínú rẹ̀."

Tẹlifíṣàn fúnra rẹ̀ kò bá a jà. Dígí ni, ó ní. Ẹni tó ń ka ìròyìn wà níbì kan, Ọlọ́run ló dá a, ojú rẹ̀ la kàn ń rí. Gémù bọ́ọ̀lù tí a ń ta nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, nítorí ẹnì kan ló jókòó tó yà á.

Gémù yẹn kò dédé wọ ilé wa. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ìyàwó mi ń kọ́ni ní ilé ìwé kan ní Òkè-Oyi. Lọ́jọ́ kan, ó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, awakọ̀ kò sì dúró tán kó tó tún fẹsẹ̀ tẹná. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ dá. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì funfun dì í dé orúnkún, wọ́n ní kó jókòó sílé fún oṣù méjì. Jíjókòó kì í ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ní ọjọ́ kẹta, ó ti bá gbogbo ògiri yàrá wa jà.

Àbúrò mi ọkùnrin ló yọ wá. Ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga nígbà náà, bíírò kì í sì í kúrò ní etí rẹ̀. Nítorí ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, Akọ̀wé ni ìyàwó mi sọ ọ́. Akọ̀wé gba ẹ̀rọ gémù, páàdì méjì tí a fi ń tẹ̀ ẹ́, àti kásẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù kan wá láti ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó so ó mọ́ tẹlifíṣàn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìyàwó mi ti ń fi góòlù márùn-ún nà án.

"Akọ̀wé, ẹ rọra o," ni á máa sọ, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó yẹ kí aya fún àbúrò ọkọ. "Ó ti rẹ gólì yín. Ẹ ní kó lọ jẹun."

"Ìyàwó wa, màgòmágó lò ń ṣe!"

"Màgòmágó kọ́, ẹsẹ̀ ni. Ẹnì kan péré ni mo fi ń sáré, ẹ ò lè gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ rẹ̀."

Ariwo yìí ló mú Bàbá wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú gíláàsì ojú rẹ̀ tí a fi òwú so apá rẹ̀ kan. Ó sún mọ́ tẹlifíṣàn, ó lóṣòó, ó fi ìka lé agbábọ́ọ̀lù kan lórí, agbábọ́ọ̀lù náà sì sá lọ.

"Dá a dúró," Bàbá sọ. Àbúrò mi dá a dúró. "Ojú rẹ̀ dà?"

"Kò ní, Bàbá," ni ìyàwó mi wí.

"Imú ńkọ́?"

"Kò ní."

Bàbá yíjú sí mi. "Ìwọ tí ń yàwòrán, kí lèyí?"

"Igun mẹ́rin ni, Bàbá."

"Kí lẹ ń fi igun mẹ́rin ṣe lórí máàpù?"

"Ilé ni."

Bàbá dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. "Ilé ni. Ilé ló ń gbá bọ́ọ̀lù. Mi ò rí ohun tó burú ńbẹ̀." Ó ti fẹ́ jáde kó tó tún yí padà. "Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá lójú, ó parí. Ẹ ó gbé e jáde nílé mi."

Báyìí ni òfin ṣe délẹ̀. Ìyàwó mi nìkan ló gbọ́ ọ bí ó ṣe yẹ kéèyàn gbọ́ ọ. Nínú agbo ilé wa, abọ́ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, aṣọ tó sá sórí okùn kì í ṣe tirẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ jí ló ń lo pákò ẹlòmíràn. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ san tó sì padà sẹ́nu iṣẹ́, wákàtí kan yẹn nírọ̀lẹ́ ni ohun kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò lè wá yá lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àwọn agbábọ́ọ̀lù bá lójú, ó ti lọ nìyẹn.

Àwọn tó ń ṣe gémù náà kò sì mọ̀ pé Alfa kan wà ní Ìlọrin. Ọdún kan, ọdún méjì, wọn á tún gbé òmíràn jáde. Orúkọ kan náà, bọ́ọ̀lù kan náà, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i lára. Èyí tó kọ́kọ́ tẹ̀ lé e ní ọrùn. Bí kásẹ́ẹ̀tì tuntun bá ti dé, lẹ́yìn àlàásárì ni Bàbá á wá yẹ̀ ẹ́ wò, a kì í sì í tẹ nǹkan kan kó tó dé.

"Ọrùn ti dé," ni Bàbá wí, bí ẹni tó ń ròyìn odò tó ń kún. Ó rò ó díẹ̀. "Ọrùn ò lẹ́ṣẹ̀."

Òmíràn dé, ó ní ọwọ́ àti ìbọ̀sẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ wu Bàbá. Lẹ́yìn ìyẹn ni èyí tí wọ́n yà láti òkè wá, bí ìgbà téèyàn bá gun igi wo pápá. Àtàrí nìkan là ń rí, irun dúdú, irun pupa, èjìká méjì, ẹsẹ̀ tí ń yọ níwájú tí ń yọ lẹ́yìn. Èyí ni Bàbá fẹ́ràn jù. "Ẹni tó ṣe èyí," ó ní, "ó bẹ̀rù Ọlọ́run." Láti ìgbà náà ló ti ń wá jókòó tì wá láàárín màgàríbà àti ìṣáì, pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ́wọ́. Kò mọ òfin bọ́ọ̀lù. Àwọn tó bá ṣubú ló ń ká a lára. "Ẹ gbé e dìde," ni á máa sọ. "Ó ti pẹ́ nílẹ̀."

Ìyàwó mi fẹ́ kó máa wá. N kò sọ fún un pé mo mọ̀. Bàbá kì í bá aya ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ púpọ̀ tẹ́lẹ̀, ju "ṣé dáadáa lẹ jí" lọ. Lórí àtàrí àwọn aláìlójú wọ̀nyẹn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í bára wọn sọ̀rọ̀.

Ó tó bí àárín àwọn ọdún 1990 kí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́. Èmi àti àbúrò mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò Challenge nílùú wa níbi tí wọ́n ti ń ta kásẹ́ẹ̀tì gémù, nítorí èyí tó wà nílé ti ń há. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù fi èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé hàn wá.

"Ọ̀gá, ẹ wo nǹkan! Wọn ò yà á láti òkè mọ́, ẹ̀gbẹ́ ni. Ó lójú, ó nímú, ó ku kó kí yín káàárọ̀."

"Ṣé ẹ ò ní èyí tí kò lójú?" ni mo bi í.

Ó wò mí, ó wo àbúrò mi. "Ọ̀gá, kí lẹ fẹ́ fi èyí tí kò lójú ṣe?"

"Bàbá wa ló fẹ́ wò ó," àbúrò mi dáhùn.

"Bàbá yín ò fẹ́ ojú?"

"Ó ní tòun tó òun."

Kò sí òmíràn. A rà á. Nígbà tí Bàbá wá yẹ̀ ẹ́ wò, àbúrò mi àti ìyàwó mi ta á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sí ẹni tó gbá a wọlé nínú wọn, nítorí àwọn méjèèjì ń wo Bàbá ju bọ́ọ̀lù lọ. Bàbá ní kí wọ́n dá a dúró. Ó lóṣòó bí ti àtijọ́. Lójú agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, lábẹ́ irun, ohun dúdú méjì wà níbẹ̀, wọn ò tóbi ju ẹyọ iyanrìn lọ.

"Ìwọ tí ń yàwòrán. Kí lèyí?"

Lẹ́nu iṣẹ́ mi, ẹyọ àmì dúdú kan ṣoṣo ni mò ń tẹ̀ sórí bébà tí mo fi ń sọ pé ìlú kan wà níbẹ̀, pẹ̀lú mọ́ṣáláṣí rẹ̀ àti ọjà rẹ̀ àti gbogbo aya tó ń bínú nínú rẹ̀. Mo mọ ohun tí àmì méjì lè jẹ́. Mo wo ìyàwó mi. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Òjìji ni, Bàbá," mo ní. "Iwájú orí rẹ̀ ló ṣíji bo ibẹ̀."

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

Bàbá wò mí pẹ́. Ó dìde. "Òjìji ò lẹ́ṣẹ̀," ó ní, ó sì lọ múra màgàríbà.

Kò tíì dé mọ́ṣáláṣí tí ìyàwó mi fi gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀ ni pé nínú gémù tuntun yìí, bí ẹnì kan bá ti gbá a wọlé, pápá á pòórá, ojú ẹni tó gbá a á kún tẹlifíṣàn pátápátá. Ojú ńlá, irun ìpéǹpéjú, imú tí ihò rẹ̀ gba ìka, ẹnu tó là sílẹ̀, eyín tò lórí ara wọn bí àgbàdo. Ó ń pariwo sí wa láìní ohùn.

"Yé!" àbúrò mi ké. "Òjìji ti hu eyín!" Ó sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà láti wò bóyá Bàbá ń bọ̀.

Ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín. "Kí la máa wá ṣe?"

"Má gbá a wọlé mọ́," mo ní.

"Kí n má gbá kí ni wọlé?"

Ṣùgbọ́n ohun tí a ṣe náà nìyẹn. Iná ọba kì í sábà dé kó tó di àṣálẹ́, àṣálẹ́ sì ni Bàbá máa ń wà níbẹ̀. Nítorí náà, fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ilé wa nìkan ló kù ní gbogbo Ìlọrin tí àwọn méjì ti ń ta bọ́ọ̀lù tí wọ́n sì ń bẹ̀rù àwọ̀n bí ẹni bẹ̀rù ejò. Àbúrò mi á sáré dé iwájú gólì, á yí padà, á gbé bọ́ọ̀lù padà sílé. Ìyàwó mi, tó lè gbá a wọlé bó tilẹ̀ di ojú, á gbá a sókè, á gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́, á gbá a lu ọ̀pá. Àwọn gólì méjèèjì ì bá tẹ́ ẹní sùn.

"Ìyàwó," Bàbá bi í lálẹ́ ọjọ́ kan, "ṣé ẹsẹ̀ yẹn ló tún ń dùn ọ́?"

"Rárá, Bàbá. Ó kàn rẹ̀ mí ni."

"Ọlọ́run á fún ọ lágbára."

Ìyàwó mi wọ yàrá wa wá bá mi lọ́jọ́ kejì bí mo ṣe ti ibi iṣẹ́ dé. Kò jókòó.

"Irọ́ rẹ ni mo fi ń ta bọ́ọ̀lù," ó ní.

"Nítorí tìrẹ ni mo ṣe pa á."

"Ta ló rán ọ? Ṣé mo ní kí o pa á?"

"Bí mo bá sọ òótọ́, wọn á gbé e jáde."

"Kí wọ́n gbé e jáde! Kí wọ́n gbé e jáde lójú mi, kí n mọ̀ pé wọ́n gbé e. O gbé e jáde tán, o wá fi páàdì sílẹ̀ fún mi lọ́wọ́. Bàbá ń gbàdúà fún ẹsẹ̀ tí kò dùn mí." Ó fi gèlè rẹ̀ nu ojú. "Mo ń pa irọ́ fún àgbàlagbà lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ ni mo sì fi ń pa á."



Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Bàbá jókòó, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ ìyàwó mi láàárín pápá. Ó kọjá ẹni àkọ́kọ́, ó kọjá èkejì. Àbúrò mi rí ohun tó fẹ́ ṣe. "Ìyàwó wa," ó ń sọ lábẹ́ ètè, "Ìyàwó wa, má ṣe bẹ́ẹ̀, ìyàwó wa, jọ̀ọ́." Ìyàwó mi gbá a. Àwọ̀n mì. Pápá pòórá, ojú náà sì dé, ó kún tẹlifíṣàn, ó ya ẹnu sí Bàbá.

Tẹ̀sùbáà dúró.

"Ta nìyí?" Bàbá béèrè.

"Ẹni tó gbá a wọlé ni, Bàbá."

"Ó lójú."

"Ó lójú, Bàbá. Láti ọjọ́ tí ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò ló ti lójú." Ìyàwó mi dìde, ó yọ wáyà kúrò lára ògiri, ó ká a jọ, ó kó ẹ̀rọ àti kásẹ́ẹ̀tì, ó kúnlẹ̀, ó gbé gbogbo rẹ̀ síwájú Bàbá. "Ẹ gbà á. Ẹ má bínú."

Bàbá kò wo ẹ̀rọ náà. Èmi ló wò. "Ìwọ tí ń yàwòrán," ó ní, "òjìji rẹ ní eyín méjìlélọ́gbọ̀n."

Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó sì wúkọ́ jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀.

Ìyàwó mi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, mo sì rí i pé ọkàn rẹ̀ ti kúrò lára ẹ̀rọ náà, pé ohun tí kò lè fi sílẹ̀ ni bàbá tó ń bá a sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́.

"Góòlù ni àbí?" Bàbá béèrè níkẹyìn.

"Góòlù ni, Bàbá."

"Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run lẹ́yìn ìrun pé kó jẹ́ kí ọmọ yìí gbá a wọlé. Mo rò pé ẹnì kan ti ṣe ọ́ ní nǹkan." Ó fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. "N kò lè bẹ̀ Ẹ́ kó ṣe é, kó wá ṣe é tán, kí n máa bínú pé ó ṣe é. Ẹni tó ya ojú yẹn, òun àti Ọlọ́run ni yóò jọ sọ ọ́ lọ́jọ́ àlùkìyámọ̀. Tìrẹ ni kí o máa sọ fún mi bó bá kù díẹ̀ kó wọlé, kí n lè kọjú sí ògiri."

Lẹ́yìn náà ló wá kan èmi. Sátidé mẹ́rin ni mo fi jókòó sórí ẹní ní ilé kéú, èmi òṣìṣẹ́ ìjọba, orúnkún mi dé etí, láàárín àwọn ọmọ tí wọn ò ju ọdún mẹ́jọ lọ. Mo ń kọ ọ̀rọ̀ nípa ẹlẹ́rìí èké sórí wàláà, mo ń fọ̀ ọ́, mo tún ń kọ ọ́. Bí ìyàwó mi bá ń lọ sí Ìpàtá, ọ̀ọ̀dẹ̀ ló ń gbà kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ló yá. Á dúró. Á ní, "Alfa kékeré, ẹ kú iṣẹ́," àwọn ọmọ á sì wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín.

Ìdájọ́ Bàbá lórí gémù kò dùn mọ́ ìyàwó mi bí ẹ ṣe lè rò. Bó ṣe ń kéde góòlù tó ń bọ̀ fún Bàbá ló ń kéde rẹ̀ fún àbúrò mi pẹ̀lú, ìdajì góòlù rẹ̀ ló sì ti ibẹ̀ bọ́. Nígbà tó fi di ìparí àwọn ọdún 1990, gémù ti kúrò nínú kásẹ́ẹ̀tì, ó ti wọ inú àwo pẹlẹbẹ tó ń dán, wọ́n sì ti ń ya àwọn agbábọ́ọ̀lù náà lọ́nà téèyàn fi lè yí wọn ká bí igi. Ara wọn wá rí bí iṣu tí wọ́n fi àdá bó, ojú wọn bí ẹni pé wọ́n fi lẹ́ẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Mo sọ fún Bàbá pé èyí kò jọ ẹ̀dá kankan, pé ó lè máa wò. Ó ní ẹ̀rí mi kò tíì padà ní láárí lọ́dọ̀ òun.

Bàbá ti ṣaláìsí ṣáájú ìyàwó mi. N kò ní àwòrán ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì lára ògiri, n kò sì ní gbé e kọ́. Nígbà tí ojú ńlá yẹn bá kún tẹlifíṣàn, tí Bàbá ti kọjú sí ògiri, tí àbúrò mi sì ń fi páàdì lu itan, n kì í wo tẹlifíṣàn. Ojú obìnrin tó gbá a wọlé ni mo máa ń wò. Kò sẹ́ni tó fi òfin dè mí.

Nínú àwọn ìrọ̀lẹ́ yẹn, ọ̀kan wà tí kò yàtọ̀ sí òmíràn.

"Bàbá, ó ń bọ̀ o!"

Bàbá yí ìjókòó, ó kọjú sí ògiri. Àbúrò mi ti gbọ́, ó ti kó gbogbo èèyàn rẹ̀ dí ẹnu gólì. Bọ́ọ̀lù lu ẹnì kan, ó padà, ó tún lu òmíràn. Ó pẹ́.

"Ṣé ó ti lọ?" Bàbá béèrè lọ́wọ́ ògiri.

"Kò tíì dé, Bàbá," ni ìyàwó mi wí, kò gbé ojú kúrò níbẹ̀. "Ẹ dúró bẹ́ẹ̀. Mò ń gbé e bọ̀."